Òrùka Bíríkìlà

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì wọ ilé ìkàwé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Ìyá Kékeré ń lu òǹtẹ̀ sára àwọn ìwé tuntun. Ó rí obìnrin náà bó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé mẹ́ta mìíràn kó tó gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Mi ò ní pẹ́ rárá. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ ọ́."

Ìyá Kékeré kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni o. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú, nígbà tó di pé òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọṣọ, òun náà ló ń jágbe mọ́ bàbá ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta pé kó bọ́ bàtà tó kún fún sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà. Àwàdà ni orúkọ yẹn lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ ọdún kan gorí òmíràn títí ó fi di mẹ́sàn-án, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ pàápàá ń fi pè é.

Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ fèrèsé, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó, pé Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni. Ìyá Kékeré ní, "Inú mi dùn, Bàámi." Ló bá bọ́ sí ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yìí wá nawọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìkàwé. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, ó ń dán.

"Bàbá rẹ ra èyí fún mi. O mọ̀ ọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń bá mi yọ̀, wọ́n ń fa ọwọ́ mi wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ni mo wá ronú pé ta ló máa ra ti bàbá rẹ fún un? Òun náà kúkú ní ìka. Wúrà ni mo fẹ́ rà fún un, kí n fi sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ yìí, nígbà tí gbogbo wa bá jọ jẹun. Àmọ́ mi ò mọ irú èyí tó lè fẹ́ràn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bá mi yàn án, jọ̀ọ́. Má sì jẹ́ kó gbọ́."

Ìyá Kékeré ti la ẹnu láti sọ pé iṣẹ́ kún ọwọ́ òun. Ọ̀rọ̀ kan ni kò jẹ́ kó sọ ọ́: *ìwọ lo mọ̀ ọ́n*. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún pé ẹnu obìnrin yìí ló ti jáde. Ó ní ó dáa, àwọn á lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà náà, ẹ̀yìn àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan ló wà. Bàbá arúgbó ni alágbẹ̀dẹ náà, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ta awọ fẹ̀ǹfẹ̀ kan sábẹ́ tábìlì rẹ̀ kí èérún wúrà tí fáìlì irin bá ha kúrò má baà já bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ wọlé ló ti na ọwọ́ sí wọn.

"Ẹ rọra o. Ẹ nu ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ilẹ̀ yìí lówó lórí ju ara ògiri lọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń gbá a."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Alágbẹ̀dẹ gbé pátákó tí wọ́n fi aṣọ dúdú tẹ́ jáde, òrùka ọkùnrin bí ogún sì wà lórí rẹ̀. Ojú Nọ́ọ̀sì lọ tààrà sí ọ̀kan tó ní òkúta pupa kékeré láàárín. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. "Èyí mà rẹwà o. Àbí kí lo rí sí i?"

"Sìmẹ́ǹtì á ti dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn kó tó di ọjọ́ kejì," ni Ìyá Kékeré sọ. "Ní ọjọ́ kẹta, òkúta á ti wà nínú ògiri ẹni ẹlẹ́ni."

"Iṣẹ́ wo ni ọkọ ń ṣe?" ni alágbẹ̀dẹ béèrè.

"Bíríkìlà ni, sà."

"Háà! Ẹ gbé e padà, ẹ gbé e padà." Ó gba òrùka náà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì bí ìgbà tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Wúrà tí a ò fi nǹkan kan lú, rírọ̀ ló rọ̀. Bíríkìlà á fi gbá búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí a fi bàbà díẹ̀ lú ló máa lè dúró tì í. Kí etí rẹ̀ má sì mú, kí inú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, kó má baà máa bù ú jẹ tí ọwọ́ bá wú."

Ìyá Kékeré kò mọ ìgbà tí òun fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó ti ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí fẹ̀ jù, á dà bí òrùka ẹni tó ń ṣe fáàrí. Èyí tí wọ́n fín bí okùn tí wọ́n hun, ìdọ̀tí á wà nínú rẹ̀ títí ayé. Èyí ń dán jù, bàbá òun á máa fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀kan ní igun pátákó náà, òrùka tí kò ní ìlà kankan, tí ara rẹ̀ kò kọ mànà bí ti ìyókù, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ.

"Bàámi gan-an nìyí," ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Nọ́ọ̀sì gbà á, ó wò ó títí. "Mi ò bá má rí i," ló ní. "Mi ò bá gbé olókùúta yẹn lọ, ọkùnrin náà kò bá sì wọ̀ ọ́ torí pé kò fẹ́ já mi kulẹ̀." Àwọn méjèèjì wá rẹ́rìn-ín pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àpẹẹrẹ lásán lèyí," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Màá rọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tó. Ìka wo ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ òsì. Ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín. Ìka tí ti àkọ́kọ́ wà."

Ìyá Kékeré gbọ́ ọ, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ti àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi òrùka yẹn sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tó kú, bàbá kò bọ́ ọ títí di ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí búlọ́ọ̀kù já lé e lọ́wọ́ tí wọ́n sì gé òrùka náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ìyá Kékeré kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ ṣe ìdánwò nílùú mìíràn. Ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé ló bá nílé, àti agolo kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀ bàbá rẹ̀, tí òrùka tó ti di méjì wà nínú rẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òun náà kò bi í. Níbí yìí wá ni wọ́n ti ń wọn ìka yẹn fún òrùka ẹlòmíràn.

Alágbẹ̀dẹ ju ìdì òrùka irin kan sórí tábìlì, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Ta ló mọ ọwọ́ rẹ̀?"

"Ọmọ rẹ̀ ni," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn.

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Òun ló máa ń fi ìpara ra ọwọ́ yẹn nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá là á. Ó lè di ojú méjèèjì tọ́ka sí ìwọ̀n ìka yẹn. Ó ṣa òrùka irin náà títí, ó kọjá èyí tó yẹ kó mú, ó mú òmíràn tó kéré ju ìyẹn lọ dáadáa.

"Eléyìí ni."

Alágbẹ̀dẹ wò ó láti òkè awò rẹ̀. "Bíríkìlà lẹ wí fún mi, àbí akọ̀wé?"

"Ọwọ́ wọn ò tóbi, sà." Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kọsẹ̀ níbì kankan.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó gba òrùka irin náà. Ó tì í bọ àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó dúró sí oríkèé, kò lọ mọ́. Ó wò ó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi etí gèlè rẹ̀ nù ún, ó sì dá a padà.

"Bó ṣe wí ni kí ẹ ṣe é," ló sọ fún alágbẹ̀dẹ.

Ọjọ́ Ẹtì ni òrùka máa jáde. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Nọ́ọ̀sì ra omi tútù fún àwọn méjèèjì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn àti nípa aláìsàn kan tó máa ń kọrin tí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá Kékeré gbé omi tirẹ̀ dání délé, kò ṣí i.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ń gbádùn ohun tó ṣe. Bó bá ń to ìwé, á máa rí ọjọ́ Àìkú náà níwájú rẹ̀: gbogbo ará ilé á pé, Nọ́ọ̀sì á mú òrùka jáde, á tì í, kò ní wọlé. Òun á wo Nọ́ọ̀sì nígbà tí ojú bá ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ní Ọjọ́rú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán yẹn lọ́kàn ara rẹ̀, àmọ́ ojú bàbá rẹ̀ ló rí lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí bàbá tó ń fi tipátipá ti òrùka náà, tó ń fa awọ ìka rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sókè sódò kí ojú má baà ti obìnrin náà, tó ń sọ pé ìka òun ló sanra jù, pé òun ló fà á. Ó mọ̀ pé ohun tó máa ṣe gan-an nìyẹn. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bàbá dé láti ibi iṣẹ́. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó jókòó. Ìyá Kékeré mú òwú ìránṣọ kan, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàámi, ẹ fún mi lọ́wọ́ òsì yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo fẹ́ ra ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ fún yín ni."

Bàbá na ọwọ́. Ọmọ fi òwú yí ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín po, ó rọra fà á kọjá oríkèé, ó sì ta á ní kókó.

"Ìyá Kékeré."

"Sà."

"Ṣé ìka kan ṣoṣo ni ìbọ̀wọ́ náà ní ni?"

Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Omijé ló bọ́. Bàbá rẹ̀ kò fa ọwọ́ padà. Ó jẹ́ kó sunkún díẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ló rán ọ, àbí?"

"Wọn ò rán mi."

Bàbá wo ìka náà, níbi tí àpá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì wà. "Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí," ló wí. "Lọ́jọ́ tí búlọ́ọ̀kù já lé mi, ọwọ́ yìí wú bíi búrẹ́dì. Òrùka ìyá rẹ wọnú ẹran lọ. Dókítà ní àfi kí àwọn gé òrùka lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìka á kú. Mo ní kí wọ́n gé ìka."

"Bàámi!"

"Mo sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n gé ìka, kí wọ́n fi òrùka sílẹ̀ fún mi. Dókítà bínú jáde. Ni nọ́ọ̀sì kan bá fa àga, ó jókòó tì mí. Kò bá mi jà. Ó gbé ọwọ́ yìí sórí omi dídì, ó ní kí n sọ irú èèyàn tí ìyàwó mi jẹ́ fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo sọ bó ṣe máa ń já orin gbà lẹ́nu èèyàn tí kò sì mọ orin ọ̀hún kọ. Mo sọ bó ṣe máa ń bá mi du etí búrẹ́dì. Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ náà ò bi mí, èmi náà ò sọ fún ọ, ẹ̀rù ń bà wá fún ara wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo ní ó yá, ẹ gé e. Ó rọra gé e. Kò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú ìdajì méjèèjì bọ́ sílẹ̀. Ó da suwíìtì ikọ́ tó wà nínú agolo ara rẹ̀ sínú bébà, ó sì kó méjèèjì sínú agolo náà fún mi."

Ìyá Kékeré gbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì yìí ni?"

"Òun ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé wàá sọ pé ibi tí wọ́n ti ń gé òrùka ìyá rẹ ni mo ti ń wojú obìnrin. Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló kọjá kí n tó tún rí i, nígbà tí wọ́n pè mí kí n wá tún ògiri ilé ìwòsàn wọn rẹ́."

Ìyá Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti òwú lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò: obìnrin yẹn ti di ìka yìí mú rí, ní wákàtí tó le jù lọ fún bàbá òun. Nígbà tí òrùka irin dúró sí oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀, obìnrin náà ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Kí ilé ìkàwé tó ṣí lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ. Òrùka ti parí, ó wà lórí aṣọ dúdú. Ó gbé òwú tó ta ní kókó kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, sà. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí."

Alágbẹ̀dẹ mú òwú náà, ó wò ó. "Mo fura. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ béèrè, mo wá ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ó pọ̀ ju ohun tí mo lè fi òòlù fẹ̀ lọ o. Àfi kí n là á, kí n fi wúrà díẹ̀ kún un."

"Ẹ là á, sà. Èmi ni kí ẹ gbowó àfikún náà lọ́wọ́ mi, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ó dúró wò ó. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun wọ inú wúrà náà, ó ń dún fíìn, fíìn. Alágbẹ̀dẹ fi ẹ̀mú ya ẹnu rẹ̀, ó fi wúrà kékeré há ibẹ̀, ó fẹ́ iná sí i títí ó fi pọ́n rokoṣo, ó sì rì í sómi. Lẹ́yìn náà ló wá ń ha á, tó ń fi aṣọ nù ún. Ìyá Kékeré béèrè bóyá ojú ibẹ̀ á hàn. Alágbẹ̀dẹ ní tó bá hàn, kó wá bú òun.

Ìyá Kékeré kò dúró jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Ó bá Nọ́ọ̀sì nínú yàrá tí wọ́n ti ń gúnni lábẹ́rẹ́, ó ń to igò oògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Mo purọ́ fún yín nípa ìwọ̀n ìka Bàámi, mà."

Nọ́ọ̀sì kò yíjú. Ó to igò kan sí i. "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Kí n wí kí ni? Kí n pè ọ́ ní òpùrọ́ níwájú bàbá arúgbó?" Ó wá yíjú báyìí, ojú rẹ̀ kò sì rọ̀. "Má rò pé mo dáa tó bẹ́ẹ̀ o. Inú bí mi. Mo délé, mo sunkún nínú ilé ìdáná mi, mo sọ ohun tí mi ò lè sọ fún ọ. Mo ti pinnu pé màá yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́la, kí alágbẹ̀dẹ tún òrùka náà ṣe, kí n sì wá máa wo ojú rẹ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tó bá wọlé gbọrọ."

Ìyá Kékeré ní alágbẹ̀dẹ ti tún un ṣe láàárọ̀ yìí, kí wọ́n kàn lọ gbà á ni. "Èmi náà fẹ́ wo ojú yín ni."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká Nọ́ọ̀sì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí àwọn aláìsàn tó wà níta. "Á á à! Bàbá rẹ yìí mà kó sáàárín wàhálà."

"Bàámi sọ fún mi nípa ọjọ́ tí ẹ gé òrùka wọn," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹ ṣeun, mà. Ó yẹ kí ẹnìkan ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tipẹ́."

Nọ́ọ̀sì dẹ́kun ẹ̀rín. Ó fà á mọ́ra, kò pẹ́, torí pé aláìsàn ti ń kan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò ju èèyàn mẹ́jọ lọ nínú pálọ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì mú òrùka jáde, bàbá ṣe bí ẹni tí ẹnu yà, ó ṣe é jù, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó má fi ìyà jẹ àwọn. Òrùka náà dúró díẹ̀ sí oríkèé, torí pé ooru mú. Bàbá rọra yí i, ó kọjá, ó jókòó síbi tó yẹ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ síwájú ojú, ó wò ó. Ó gbé ọwọ́ kejì bò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bo ọmọ ẹyẹ. Ọkàn Ìyá Kékeré ṣì dùn ún níbi tó ti máa ń dùn ún, àmọ́ ó rí i pé òun lè dúró pẹ̀lú rẹ̀, kí òun sì tún máa bá àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, òun ló sin Nọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé bàbá rẹ máa ń hanrun?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni. Ẹ máa yí wọn sí òsì." Ó ronú díẹ̀. "Tí wọ́n bá ní kò rẹ àwọn, ó ti rẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ń bomi rin òdòdó tí kò gbẹ, wọ́n ń bínú ni, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Wọn ò lè jẹun tí rédíò ò bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á sì sọ pé àwọn ti lo oògùn, irọ́ ni, ẹ lọ ka èyí tó kù."

"Dúró ná, dúró ná," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń wá bírò nínú báàgì rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ wo àwọn méjèèjì, ó dúró dè wọ́n díẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Ìyá Kékeré ṣì ń sọ̀rọ̀.